Ilé Ìwé Ṣọ́ọ̀ṣì Ni Àbí Ti Ìjọba? Àlàyé Lórí Ìjọ Áńgílíkà àti Ilé Ìwé Tí Ìjọba Ń Náwó Lé

Ní Èkó yìí, ẹ lè rí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ẹni mímọ́ kan sí ara ògiri rẹ̀, tí "Anglican" tẹ̀ lé e, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ìjọba ló ń darí rẹ̀, tí òbí kò sì san owó ilé ìwé níbẹ̀. Ẹ wọ mọ́tò dé Bàríga, ẹ ó bá CMS Grammar School, tí Ìjọ Áńgílíkà ń darí, tí òbí sì ń sanwó kí ọmọ tó wọlé. Ẹ wá pe mọ̀lẹ́bí yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lè sọ fún yín pé ilé ìwé Church of England ni ọmọ òun ń lọ, pé fíkà àdúgbò wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń san owó oṣù àwọn tíṣà. Orúkọ ìjọ kan náà ló wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ipò wọn kò sì jọra rárá.

Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í tán. Bí ọ̀rọ̀ híjáàbù bá délẹ̀, tàbí tí ẹnì kan bá ní kí ìjọba dá àwọn ilé ìwé tó kù padà fún ìjọ, ẹ ó gbọ́ kí ẹnì kan pariwo pé, "Ìjọba ló gba ilé ìwé wa lọ́wọ́ wa!" Ẹlòmíràn á dá a lóhùn pé, "Owó orí gbogbo wa ló ń gbé e ró, kí lẹ ń pè ní tiyín?" Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ lọ́wọ́. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Kí la ń pè ní ilé ìwé ìjọ, kí sì ni ti ìjọba?

Ilé ìwé ìjọba ni èyí tí owó gbogbo ìlú ń gbé ró, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń darí. Ilé ìwé aládàáni ni ti ẹni tó fi owó ara rẹ̀ dá a sílẹ̀, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ òbí. Ilé ìwé ìjọ, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ilé ìwé míṣọ̀n, ni èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn dá sílẹ̀. Níbi ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú, torí pé ẹni tó dá ilé ìwé sílẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó ń bọ́ ọ lónìí.

Ẹ wo ilé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bàbá ńlá ló ra ilẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé títí dòní. Ọmọ kan ló tún un kọ́ nígbà tó fẹ́ wó. Olórí ẹbí ló ń pín yàrá. Àbúrò kan tó rí jájẹ ló ń san owó iná. Bí àlejò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Ta ló nilé yìí?", ìdáhùn mẹ́rin ló máa gbọ́, kò sì sí irọ́ nínú ọ̀kankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìwé. Ká tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ àti ilé. Ká béèrè ẹni tó ń san owó oṣù tíṣà. Ká béèrè ẹni tó ń yan ọ̀gá ilé ìwé, tó sì ń pinnu ọmọ tó máa wọlé. Lẹ́yìn náà, ká wá béèrè ẹni tó ń sọ irú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tí wọ́n máa kọ́ ọmọ níbẹ̀.

Báwo ni ṣọ́ọ̀ṣì ṣe dé ìdí ẹ̀kọ́ l'Ékòó?

Ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣáájú, ìjọba ló bá a níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó kọ́kọ́ yé wa, torí àwọn ọ̀dọ́ wa rò pé ìjọba ló dá ilé ìwé sílẹ̀, tí ìjọ wá wọ inú rẹ̀.

Àgbádárìgì ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti ń kọ́ ọmọdé níbẹ̀ láti 1843. Ní 1845, Gollmer, tó jẹ́ òjíṣẹ́ Church Missionary Society, ìyẹn CMS tí í ṣe apá míṣọ̀n ti Áńgílíkà, dá ilé ìwé St. Thomas sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859, CMS Grammar School ṣílẹ̀kùn ní Broad Street pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Thomas Babington Macaulay ni pírínsípà àkọ́kọ́. Ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther ni, òun náà ló sì bí Herbert Macaulay. Nígbà tí wọ́n ń wá owó ìwé àti ohun èlò, oníṣòwò Èkó kan, J. P. L. Davies, ló gbé £50 kalẹ̀.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó, tí wọ́n sọ ọ́ di ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso. Ìyẹn ni pé ilé ẹ̀kọ́ girama ti wà l'Ékòó kí ìjọba amúnisìn tó wà, owó ọmọ ìlú sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ìjọ bá sọ pé "a ti ń ṣe é kí ìjọba tó dé", kì í ṣe àṣejù.

Ìjọba kọ́kọ́ na ọwọ́ ìrànwọ́ ní 1872. £30 ni wọ́n fún míṣọ̀n kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta: CMS, Mẹ́tọ́díìsì àti Ìjọ Àgùdà. Ní 1877, wọ́n sọ ọ́ di £200 lọ́dún fún ìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 1887, òfin ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti Èkó fúnra rẹ̀ jáde, ó sì so owó ìrànwọ́ pọ̀ mọ́ àyẹ̀wò. Òṣìṣẹ́ ìjọba á wá wo ilé ìwé, á wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe nínú ìdánwò, ìyẹn ni yóò sì sọ iye tí ilé ìwé máa gbà. Láti ìgbà náà ni owó àti àṣẹ ti jọ ń rìn.

Ètò tó gbilẹ̀ lẹ́yìn náà ni èyí tí àwọn àgbà tó dàgbà ṣáájú ọdún 1970 mọ̀ dunjú. Ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́, ìjọ sì ń darí. Fíkà ni máníjà ilé ìwé. Òun ló ń gba tíṣà, òun ló ń gbé e kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn, òun ló sì lè lé e. Ọjọ́ Ìsinmi tíṣà kì í ṣe ti ara rẹ̀: òun ló ń darí akọrin, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, bí fíkà kò bá sí nílé, òun ló máa ka ìwàásù. Bí irú tíṣà bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ìyàwó kejì, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Kò yani lẹ́nu pé àwọn tíṣà wá pa ọwọ́ pọ̀. Ní 1931, inú ọgbà CMS Grammar School gan-an ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, ìyẹn NUT, sílẹ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn Mùsùlùmí náà wà níbẹ̀, kò sì dára ká fò ó. Ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ tó báyìí, ọ̀pọ̀ òbí ló ń bẹ̀rù pé bí ọmọ àwọn bá wọ ilé ìwé ìjọ, orúkọ mìíràn ni yóò fi jáde. Ìbẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó bí Ansar-Ud-Deen l'Ékòó ní 1923, kí ọmọ lè kàwé láì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, tí Èkó, tó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, tẹ̀ lé e ní 1957, owó ìjọba tó ń wọ ilé ìwé ìjọ tún pọ̀ sí i. Ẹni tó dá ilé ìwé sílẹ̀ kò yí padà, ẹni tó ń darí kò yí padà, àmọ́ ẹni tó ń sanwó ti yàtọ̀.

Kí ló dé tí ìjọba fi gbà wọ́n?

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìpínlẹ̀ kan ń tẹ̀ lé òmíràn láàárín àwọn ọdún 1970, títí kan Èkó, láti gba àwọn ilé ìwé ìjọ. Owó epo ti ń wọlé nígbà náà. Ìjọba fẹ́ ètò kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọ, àwọn tíṣà fẹ́ owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì tó dọ́gba pẹ̀lú ti òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn Mùsùlùmí sì fẹ́ ilé ìwé tí kò ní tì wọ́n sẹ́yìn. NUT wà lẹ́yìn ìgbésẹ̀ náà. Ìdí wọ̀nyí kò burú. Àmọ́ orúkọ ló kù lára ògiri fún ìjọ. Àṣẹ, owó oṣù àti ìwọlé ọmọ di ti ìjọba.

Nígbà tí Lateef Jákàńdè di gómìnà ní 1979, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì fòpin sí ètò kí àwọn kan lọ láàárọ̀ kí àwọn kan lọ lọ́sàn-án. Ìjọba rẹ̀ tún fẹ́ fòpin sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie ti Ìjọ Àgùdà gbé e lọ sílé ẹjọ́, ìdájọ́ sì fi hàn pé ẹni tó bá fẹ́ dá ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i. Àǹfààní ìdájọ́ yẹn ni gbogbo ìjọ ń jẹ dòní.

Kí ló yí padà ní 2001?

Ní 2001, ìjọba Bọ́lá Tinúbú dá àwọn ilé ìwé kan padà fún àwọn tó dá wọn sílẹ̀. CMS Grammar School padà sọ́wọ́ Áńgílíkà. Igbobi College ní Yábàá, tí Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì jọ dá sílẹ̀ ní 1932, náà wà lára wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ìjọ ló padà, ìdí sì nìyẹn tí orúkọ ẹni mímọ́ ṣì fi wà lára ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé ìjọba ló ń darí wọn títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú nìyí: nígbà tí àwọn wọ̀nyí padà, owó ìjọba kò bá wọn padà. Ìjọ gba ilé, ó gba àṣẹ, ó sì gba bùkátà pẹ̀lú. Òun ló ń san tíṣà, òun ló ń tún òrùlé ṣe, owó òbí ló sì ń ṣe é. Ìjọba ṣì ń wá yẹ̀ wọ́n wò bó ṣe ń yẹ ilé ìwé aládàáni yòókù wò. Nítorí náà, bí a bá ń wá ilé ìwé tí Áńgílíkà ń darí tí ìjọba sì ń sanwó rẹ̀ l'Ékòó lónìí, àwọn tó padà kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọ Áńgílíkà ni mí, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí. Mo rí i pé ìtọ́jú inú ọgbà ti dára, mo sì rí ọmọ ìyá aláta tó ń gbé lẹ́yìn ògiri ilé ìwé, tí kò lè wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ìjọ tí àwọn bàbá wa dá owó jọ fún kò gbọ́dọ̀ máa kọ́ ọmọ olówó nìkan. Bí ìjọba kò bá ní sanwó, ó yẹ kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá wa àti ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ya ààyè sọ́tọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún.

Ọmọ Mùsùlùmí tó wà nílé ìwé tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ ńkọ́?

Abala 38 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kó kópa nínú ìsìn, tí kì í bá ṣe ti ẹ̀sìn tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí. Abala yẹn kan náà tún sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dí ìjọ kankan lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn, nílé ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ pátápátá.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ bùkátà ni òfin tẹ̀ mọ́. Kò sọ nípa ẹni tó ra ilẹ̀, kò sì ka orúkọ ara ògiri sí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù, tí adájọ́ márùn-ún nínú méje fara mọ́ ọn, ilé ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni ẹjọ́ náà dá lé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń jẹ́ "Anglican" àmọ́ tí ìjọba ń darí, ilé ìwé ìjọba ni.

Ìlọrin ló fi hàn wá bó ṣe máa ń rí bí a kò bá yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjọba Kwara ti ilé ìwé mẹ́wàá pa lórí híjáàbù. Àwọn ìjọ ní àwọn ló ni wọ́n, ìjọba ní òun ló ń sanwó tí òun sì ń darí. Àwọn ọmọ ló jókòó sílé.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ni ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń darí kí ìjọba máa sanwó?

Ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn jọ tiwa. Ní 1811, àwọn ọmọ Church of England dá National Society sílẹ̀ láti kọ́ ilé ìwé fún ọmọ tálákà. Ní 1833, ìjọba kọ́kọ́ yọ £20,000 fún kíkọ́ ilé ìwé, National Society sì wà lára àwọn tó gbà á. 1870 ni òfin tó ní kí wọ́n dá ilé ìwé ìlú sílẹ̀ níbi tí kò bá sí èyí tó tó. Títí débẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣáájú, bíi tiwa.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni 1944. Ìjọba wọn kò gba ilé ìwé lọ́wọ́ ìjọ. Àdéhùn ni wọ́n jọ ṣe. Wọ́n ní kí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì, ọ̀nà méjèèjì sì wà dòní. Èkíní ni Voluntary Aided. Nínú èyí, àwọn tí ṣọ́ọ̀ṣì yàn ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ yìí ló ń gba tíṣà síṣẹ́ tó sì ń ṣòfin ìwọlé ọmọ. Ìjọba ló ń san owó oṣù, àmọ́ bí àtúnṣe ilé ńlá bá délẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ wà lọ́rùn ilé ìwé. Èkejì ni Voluntary Controlled. Níbẹ̀, àwọn aṣojú ṣọ́ọ̀ṣì kéré nínú ìgbìmọ̀, council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló ń gba tíṣà, council ló sì ń pín ààyè fún ọmọ. Ìjọ kò san nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí àṣẹ rẹ̀ fi kéré. Ẹni tó bá mú owó díẹ̀ wá ló gba àṣẹ púpọ̀.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ohun tí wọ́n ń pè ní academy, tó ń gba owó tààrà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn láì gba ọwọ́ council. Ipò ṣọ́ọ̀ṣì nínú ìgbìmọ̀ kò parẹ́ nítorí ìyẹn.

Ètò yìí kì í ṣe kékeré. Ilé ìwé Church of England ju 4,500 lọ, àwọn ọmọ inú wọn tó mílíọ̀nù kan, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba níbẹ̀ ló sì jẹ́ tiwọn. Kò sí owó ilé ìwé. Ofsted, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba, ń wo ẹ̀kọ́. SIAMS, àwọn olùyẹ̀wò ti ìjọ, ń wo ìsìn àti ìwà bíi Kristẹni. Ìjọsìn máa ń wà lójoojúmọ́, àmọ́ òbí tí kò bá fẹ́ lè ní kí wọ́n yọ ọmọ òun kúrò nínú rẹ̀ àti nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn.

Ṣé Èkó lè ṣe irú rẹ̀?

Kì í ṣe àlá. Ní Anambra, nígbà ìṣèjọba Peter Obi, wọ́n dá ọ̀pọ̀ ilé ìwé padà fún àwọn ìjọ, ìjọba sì ń san owó oṣù tíṣà lọ. Lójú tèmi, a lè gbìyànjú rẹ̀ l'Ékòó, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí n kò ní gbà: kí owó orí ìyá Mùsùlùmí tó ń tajà ní Òyìngbò máa san tíṣà ilé ìwé tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀. Ètò tó bá ṣeé ṣe níbí gbọ́dọ̀ jọ Voluntary Controlled ju Voluntary Aided lọ. Kí ìjọ máa yan ọ̀gá tó ní ìwà, kó máa tọ́jú ilé, kí ìwọlé ọmọ sì wà lọ́wọ́ ìjọba.

Kí ni lẹ́tà fíkà wúlò fún?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń kan àwọn ìdílé Èkó gan-an. Ọmọ ti kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó wá ránṣẹ́ sílé pé kí ìyá òun bá òun gba lẹ́tà lọ́wọ́ fíkà, pé wọ́n ní òun nílò rẹ̀ kí ọmọ òun tó lè wọlé.

Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè má nílò rẹ̀ rárá. Ilé ìwé Controlled kì í sábà béèrè rẹ̀, torí òfin council ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ilé ìwé tí ààyè bá ṣì wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹni tó bá wá, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kò lẹ́sìn. Ibi tí àwọn tó ń béèrè bá pọ̀ ju ààyè lọ, tó sì jẹ́ Aided tàbí academy tó ní òfin bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ti lè béèrè bí ìdílé ṣe ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì sí. Kódà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọlé.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú lẹ́tà náà kì í ṣe ìyìn. "Ọmọ rere ni, ó bẹ̀rù Ọlọ́run" kò ràn án lọ́wọ́. Ohun tó wúlò ni ọjọ́ tí ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í jọ́sìn, ọjọ́ tí wọ́n lọ, àti iye ìgbà tí wọ́n ń wá lóṣù. Àwọn ilé ìwé kan ń gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìdílé ti kúrò bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Àwọn mìíràn tún ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìsàmì. Fíkà kò gbọ́dọ̀ kọ ohun tí kò rí, torí wọ́n lè gba ààyè náà padà lọ́wọ́ ọmọ bí wọ́n bá rí i pé irọ́ ló fi wọlé.

Fọ́ọ̀mù méjì ló sì wà. Ọ̀kan ni ti council, tí gbogbo òbí gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ sí: ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni ó ń parí fún ilé ẹ̀kọ́ girama, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ti ilé ìwé fúnra rẹ̀, tí fíkà máa ń fọwọ́ sí. Ẹni tó bá kọ ti fíkà tí kò kọ ti council kò tíì tọrọ ààyè rárá.